Ọwọ́ Ìyá Àgbà Kì Í Dúró

Àwọn tí Ìyá àgbà ń yà ní fótò ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ikú dé. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ ni ọkàn mi ń padà sí. Ìsọmọlórúkọ ni a bá lọ sí Ring Road. Wọ́n ti fún ọmọ lórúkọ, àwọn ẹbí ti tò síwájú ilé, bàbá ọmọ gbé ọmọ lọ́wọ́, ìyá ọmọ ń tún gèlè ṣe. Ìyá àgbà fẹ̀yìn ti òpó ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí wọ́n ti máa ń ṣe, wọ́n gbé kámẹ́rà sójú, wọ́n rọra mí síta, mo sì gbọ́ tí kámẹ́rà dún. Gbogbo wa ń dúró de ẹ̀ẹ̀kejì, nítorí Ìyá àgbà kì í ya ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀kejì kò dún. Bàbá ọmọ tilẹ̀ ń gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu bèèrè bóyá kí àwọn ṣì dúró bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i pé kámẹ́rà ti já bọ́ sí àyà Ìyá àgbà, tí okùn rẹ̀ gbé e rọ̀, tí Ìyá àgbà fúnra wọn sì ń yọ̀ wálẹ̀ lára òpó náà díẹ̀díẹ̀.

Mo pè wọ́n, wọn ò dáhùn. Wọ́n ti mí síta, wọn ò sì mí sínú mọ́.

Dókítà tí a gbé wọn lọ bá ní ọkàn wọn ló dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni ì bá ṣe sí i. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ni kò wọlé. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni Ìyá àgbà bá mi jà pé mo da iyọ̀ jù sínú ẹyin. Ẹni tó bínú nítorí iyọ̀ láàárọ̀, báwo ló ṣe di òkú kí oòrùn tó kan àtàrí? Ẹni tó bá mọ bí èèyàn ṣe ń gba irú rẹ̀ gbọ́, kó jọ̀ọ́, kó wá là mí lóye.

Àwọn ni wọ́n bí ìyá mi. Inú ìdílé Mùsùlùmí kan ní àárín ìlú Ìbàdàn ni wọ́n ti jáde wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí wọ́n ti kó wá sí Agbowó, tí wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì gẹ́ẹ̀tì yunifásítì, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í yé ya fótò. Ìyá Onífótò ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù, á rò pé ẹ̀rù ń bà wọ́n ni, tàbí pé wọn ò tíì jẹun. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Kì í ṣe ti ogbó, láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ti ń gbọ̀n, ó sì ti gbọ̀n lọ́wọ́ bàbá tó bí wọn. Bí wọ́n bá gbé ọwọ́ náà lé itan, kò ní ṣe nǹkan kan. Bí wọ́n bá nà án láti mú nǹkan, ó di gbígbọ̀n. Bí ẹnì kan bá sì tẹjú mọ́ ọn, á tún le sí i.

Dókítà kan fún wọn ní oògùn nígbà kan. Oògùn náà mú ọwọ́ rọlẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó tún ń mú kí wọ́n máa sùn lórí àga níwájú oníbàárà. Wọ́n dà á nù. Wọ́n ní, "Ọwọ́ tó ń gbọ̀n tí ojú là sàn fún mi ju ọwọ́ tó dákẹ́ tí mò ń hanrun."

Ife onídèérí ni wọ́n fi ń mu ògì. Wọ́n fẹ́ràn ẹ̀wà bí nǹkan míì, ṣùgbọ́n búrẹ́dì ni wọ́n fi ń gbá a jẹ, nítorí síbí á ti dà á sílẹ̀ kó tó dé ẹnu. Wọn ò gbà kí ẹnikẹ́ni káàánú wọn lórí rẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ kí ẹlòmíì tó ráyè. Bí mo bá gbàgbé, tí mo bu omi kún ife dé ẹnu, wọ́n á gbé ife náà, omi á máa ta sí aṣọ, wọ́n á wò mí tìṣọ́ratìṣọ́ra, wọ́n á ní, "Àlàkẹ́, ṣé o fẹ́ kí n mu ún ni àbí o fẹ́ kí n wẹ̀?"

Ṣùgbọ́n fótò wọn! Fótò wọn mọ́ gaara débi pé èèyàn lè rí irun ìpéǹpéjú ọmọ jòjòló níkọ̀ọ̀kan. Ohun tó ń ya èèyàn lẹ́nu nìyẹn, òun ló sì ń fa ìjà. Níbi ìgbéyàwó kan ní Bódìjà, ìyá ìyàwó rí bí ọwọ́ Ìyá àgbà ṣe ń jó nígbà tí wọ́n ń ki bátìrì bọ inú kámẹ́rà. Ó fa ẹni tó gbé iṣẹ́ fún wa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní ṣé ìyá tí ara wọn kò yá ni wọ́n lọ gbé wá fún ọjọ́ ayọ̀ ọmọ òun. Ẹ̀gbẹ́ kan ọ̀hún kò jìnnà, gbogbo rẹ̀ ni a gbọ́. Inú bí mi, mo ti ń kó ẹrù wa. Ìyá àgbà ò tilẹ̀ wo ojú mi. Wọ́n rìn lọ bá obìnrin náà, wọ́n kí i kú oríire, wọ́n ní kó jọ̀wọ́ kó bọ́ sí ẹnu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ gbé dára. Wọ́n fara ti férémù ilẹ̀kùn, wọ́n yà á, wọ́n sì fi hàn án lójú kámẹ́rà. Obìnrin náà wò ó, ó tún wò ó, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní àṣé òun ti ń darúgbó tó báyìí. Ìyá àgbà ní, "Ẹ má bínú. Ká ní mo jẹ́ kó gbọ̀n ni, ì bá bò yín láṣìírí."

Mo mọ̀ pé kì í ṣe idán, nítorí wọ́n kọ́ mi. Olùkọ́ ni mí ní ilé ìwé girama kan ní Apẹ̀tẹ̀. Ní ọjọ́ kan, mò ń kọ nǹkan sójú pátákó, mo rí i tí ṣọ́ọ̀kì ń jó lọ́wọ́ mi. Mo dá ọwọ́ dúró, mo tún gbé e sókè, ó tún ń jó. Àwọn ọmọ kíláàsì rò pé inú ló ń bí mi. Bí a ṣe jáde ilé ìwé, Agbowó ni mo gbà lọ, mo sì sunkún láti orí ọ̀kadà dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù. Mo kàn na ọwọ́ mi síwájú Ìyá àgbà. Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá na tiwọn náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, méjèèjì jọ ń gbọ̀n lórí tábìlì. Mo rò pé wọ́n á bá mi sunkún. Wọ́n ní, "Káàbọ̀. Ogún bàbá mi ti rí ọ̀nà ilé ẹ."

Wọ́n bá gbé kámẹ́rà kọ́ mi lọ́rùn. Wọ́n ní ohun tó ṣe kókó ni pé kí n má bá ọwọ́ jà, nítorí ọwọ́ á borí. Kí n fi ìgbúnwọ́ mọ́ ìhà, bí ẹni tó fi ẹyin há abíyá. Kí n fi àtẹ́lẹwọ́ òsì gbé lẹ́ǹsì láti ìsàlẹ̀, kí n má fi ìka di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. Kí n ti kámẹ́rà síwájú títí okùn ọrùn á fi le. Bí ògiri bá wà, kí n fara tì í. Bí kò bá sí, kí n kúnlẹ̀, kí n gbé ìgbúnwọ́ lé orúnkún. Kí n máa mú àwọn èèyàn lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, nítorí bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, ojú kámẹ́rà á ṣí, á sì padé kí ọwọ́ tó ráyè da nǹkan rú.

Èyí tó kù ni ti èémí. Wọn ò fẹ́ kí n sé èémí rárá. Wọ́n ní ẹni tó sé èémí, àyà rẹ̀ á máa lù kì-kì-kì, ọwọ́ á sì gbọ́. Kí n mí síta jẹ́jẹ́, kí n wá tẹ bọ́tìnnì níbi tí èémí bá parí sí, kí n tẹ̀ ẹ́ ni, kí n má gún un. Kí n sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra. Ti àkọ́kọ́, ìka ń kánjú dé. Ti ìkẹyìn, ìka ń kánjú lọ. Ti àárín ni ọwọ́ máa ń gbàgbé ara rẹ̀. Fótò tí mo kọ́kọ́ yà, bàìbàì ni gbogbo rẹ̀, ojú ajá ará ilé kejì dà bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n gún. Mo bínú, mo ní ọwọ́ yìí kò lè gba ẹ̀kọ́. Ìyá àgbà ní, "Ọwọ́ ò ṣẹ̀ ẹ́. Ìwọ lò ń lé e."

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irú èèyàn wo ni wọ́n jẹ́, ọ̀rọ̀ bàbá ará Challenge kan ni màá sọ. Àrùn kan ti mú bàbá náà tó ń mú kí orí àti èjìká wọn máa mì tọ̀sán-tòru. Wọ́n nílò fótò pélébé fún ìwé owó ìfẹ̀yìntì wọn, gbogbo ibi tí ọmọ wọn obìnrin sì gbé wọn dé, fótò bàìbàì ni wọ́n ń rí gbà. Níbì kan, wọ́n tilẹ̀ ní kí ẹnì kan wá bá wọn di orí mú láti ẹ̀yìn. Nígbà tí Ìyá àgbà gbọ́ èyí, wọ́n lé gbogbo àwa tó wà ní ṣọ́ọ̀bù sẹ́yìn, wọ́n fa àga wá síwájú bàbá náà, orúnkún fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún. Wọ́n gbé kámẹ́rà sójú, wọn ò sì tẹ nǹkan kan. Wọ́n ń bi bàbá náà léèrè nípa Dùgbẹ̀ àtijọ́, nígbà tí bàbá ń ṣiṣẹ́ rélùwéè níbẹ̀. Bàbá ń sọ ọ́, orí ń mì, ọwọ́ Ìyá àgbà náà ń gbọ̀n lábẹ́ kámẹ́rà, ọ̀rọ̀ sì ń lọ. Nígbà tó ṣe, bàbá fẹ́ dárúkọ ọ̀gá wọn kan, orúkọ náà fò wọ́n lórí. Wọ́n dánu dúró, wọ́n ń wá a. Orí wọn dúró. Kámẹ́rà dún.

Fótò tí kò ní àléébù kankan ni. Bàbá dì í mú, wọ́n ń wo ojú ara wọn bí ẹni rí ọ̀rẹ́ àtijọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán, mo bi Ìyá àgbà pé báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé yóò dúró. Wọ́n ní, "Kò sí ohun tó ń gbọ̀n tí kì í sinmi. Ìwọ ṣáà dúró dè é."

Ọlọ́run mọ̀ pé wọ́n lágídí. Àbúrò ìyá mi tó wà ní Kánádà, Àǹtí Sìkírá, fi sítáǹdì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan ránṣẹ́, irú èyí tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé kí ọwọ́ má bàa kàn án. Ohun dáadáa ni, ó sì wọ́n. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí mo bá ìborùn mẹ́ta lórí rẹ̀ lẹ́yìnkùlé tí oòrùn ń gbẹ wọ́n. Ìyá àgbà ní ẹni tó bá gbé kámẹ́rà lé igi á máa wo igi ni, kò ní wo èèyàn. Wọ́n ní kí n sọ fún Sìkírá pé, "Ẹsẹ̀ méjì tí Ọlọ́run fún mi kò tíì rẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn ì bá jẹ́ ẹ̀rín lásán, àmọ́ ó dìjà. Ẹnì kan fi fídíò kan ránṣẹ́ sí Àǹtí Sìkírá láti òde kan, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ kan dúró sẹ́yìn Ìyá àgbà, tí wọ́n ń sín ọwọ́ wọn jẹ, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Àǹtí Sìkírá pè wá lójú fídíò. Wọ́n ń sunkún, wọ́n sì ń bínú pọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tí wọ́n bínú sí kò sí nítòsí. Ìyá wọn ló wà nítòsí. Wọ́n ní, "Màámi, ẹ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ọwọ́ yín ń dójú tì wá."

Mo wà níbẹ̀. Mo rí ojú Ìyá àgbà. Wọ́n rọra fa ìborùn wọn wá síwájú, wọ́n kó ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n ní, "Ó dáa, Sìkírá. O ò ní rí i mọ́."

Wọn ò sì jẹ́ kí Àǹtí Sìkírá rí i mọ́. Wọn ò yan ọmọ wọn lódì o. Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń ṣàdúrà fún un, wọ́n ń bèèrè àwọn ọmọ níkọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí Àǹtí Sìkírá bá pè lójú fídíò, ìyá mi tàbí èmi ni yóò di fóònù mú, ọwọ́ Ìyá àgbà á wà lábẹ́ ìborùn. Àǹtí Sìkírá bẹ̀bẹ̀ títí. Wọ́n ní àwọn ṣi ọ̀rọ̀ sọ, wọ́n ní kí Màámi jọ̀ọ́, kí wọ́n na ọwọ́ síta kí àwọn rí i. Ìyá àgbà á rẹ́rìn-ín, wọ́n á yí ọ̀rọ̀ padà. Nígbà tó yá, Àǹtí Sìkírá sọ fún mi pé àwọn ń múra àtiwá sílé, pé àwọn á di ọwọ́ náà mú fúnra àwọn, kí Màámi máa wá ibi tí wọ́n máa fi pamọ́ sí.

Ikú ló kọ́kọ́ dé.

A gbé Ìyá àgbà padà sí Agbowó ní ọ̀sán yẹn. Wọ́n ní lẹ́yìn ìrun Alaásárì ni a ó sin wọ́n, bí ẹ̀sìn ti wí, kò sí ìdúródeni. Gbogbo ilé ń sáré, èmi jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú kámẹ́rà wọn lọ́rùn mi. Mi ò mọ ìgbà tí mo gbé e kọ́rùn. Ìyá mi pe Àǹtí Sìkírá. Àǹtí ò pariwo. Wọ́n ní kí ìyá mi gbé fóònù fún mi. "Àlàkẹ́, ya ọwọ́ Màámi fún mi kí wọ́n tó gbé wọn lọ. Mi ò ní kí o ya ojú. Ọwọ́ ni."

Ààfáà ní a kì í ya òkú ní fótò. Ìyá mi bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mi ò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ tán, ṣùgbọ́n mo gbọ́ orúkọ Sìkírá léraléra. Nígbà tó yá, Ààfáà ní bí ojú kò bá ti ní hàn, kí a ṣe kíá kí aṣọ funfun tó kan ara wọn, wọ́n sì kọ ẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Àwọn obìnrin tó wẹ Ìyá àgbà fi aṣọ bò wọ́n láti òkè délẹ̀, wọ́n wá fa ọwọ́ ọ̀tún jáde, wọ́n gbé e lé orí aṣọ náà.

Mo tan kámẹ́rà. Fótò Ring Road ló kọ́kọ́ yọ lójú rẹ̀: bàbá ọmọ, ìyá ọmọ, gbogbo ẹbí, ẹ̀rín lójú kálukú. Ó mọ́ gaara. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo kọjá fótò náà, mo gbé kámẹ́rà sójú, ọwọ́ mi sì ń gbọ̀n bí kò ṣe gbọ̀n rí láyé mi. Mo tẹ̀ ẹ́. Bàìbàì ni. Mo tún tẹ̀ ẹ́, bàìbàì. Àwọn obìnrin ní kí n ṣe kíá. Mo gbé ìgbúnwọ́ méjèèjì lé etí bẹ́ẹ̀dì, mo ti kámẹ́rà síwájú títí okùn fi le, ó wá ku èémí. Èémí kò jáde. Mo ti rí ẹni tó mí síta tí kò mí sínú mọ́, lójúmọmọ, níwájú mi, ẹ̀rù sì bà mí láti ṣe ohun kan náà. Ìyá mi gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn. Mo mí síta. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Ti àárín mọ́. Èékánná wọn hàn, ojú ibi tí òrùka máa ń wà hàn, ìlà kéékèèké ẹ̀yìn ọwọ́ hàn, gbogbo rẹ̀. Mò ń wò ó. Ọwọ́ náà dúró. Láti ọjọ́ tí mo ti délé ayé, mi ò rí i kó nà síta kó sì dúró rí. Ìgbà yẹn ni mo tó gbà pé Ìyá àgbà ti kú, kì í ṣe ní Ring Road, kì í ṣe lọ́dọ̀ dókítà. Mo sunkún débi pé àwọn obìnrin gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi.

A sin wọ́n. Kí Ọlọ́run forí jìn wọ́n, kó sì fẹ ibojì wọn. Nígbà tí a padà délé, mo kó fótò náà sórí fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí Àǹtí Sìkírá. Ojú mi kò ríran dáadáa fún ẹkún, gbogbo rẹ̀ ni mo fi ránṣẹ́, èyí tó mọ́ àti àwọn tí kò mọ́.

Wọ́n pè. Wọ́n ní àwọn ti pa èyí tó mọ́ rẹ́, kí n má bínú, pé àwọn ò mọ ọwọ́ yẹn, àwọn ò sì fẹ́ mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ti àkọ́kọ́ yẹn, tó ṣe bàìbàì, òun ni àwọn gbé sójú fóònù, tí àwọn ń wò láti ìgbà tó ti dé. Wọ́n ní ọwọ́ Màámi ló ń gbọ̀n yẹn, àwọn dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Mi ò lè fi irọ́ sílẹ̀ láàárín wa lọ́jọ́ yẹn. Mo ní, "Àǹtí, ọwọ́ tèmi ló gbọ̀n níbẹ̀. Tiwọn ò gbọ̀n."

Mò ń gbọ́ èémí wọn, ó ń jáde, ó ń wọlé.

Wọ́n ní, "Mo mọ̀, Àlàkẹ́. Jẹ́ kó máa gbọ̀n."